Àwọn Nọ́ńbà Inú Àpótí Aago

Rọ́bà tí a fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ ti wà lọ́wọ́ mi, ó ku díẹ̀ kí n fi kan ojú ìwé náà, nígbà tí ìyàwó mi di ọwọ́ mi mú.

"Bàbá Ìbejì, ẹ rọra! Kí lẹ fẹ́ pa rẹ́ yẹn?"

"Ìwà ọ̀bàyéjẹ́ ni mo fẹ́ pa rẹ́. Wò ó fúnra rẹ. Ẹnì kan fi lẹ́ẹ̀dì kọ nǹkan sára ìwé ilé ìkàwé. Ojú ìwé igba ó lé méjìlá. Kí ọwọ́ mi ṣáà tẹ ẹni tó ṣe é!"

"Ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Látọdún mẹ́sàn-án tẹ́ ẹ ti ń ṣọ́ ìwé yìí, èèyàn méjì péré ló ń kà á. Èmi ni ìkejì, n kò sì tíì dé ojú ìwé igba."

Ó fa ìwé náà sọ́dọ̀, ó ti ife tíì sẹ́yìn. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọn yóò gbé Bàbá Aago lọ sílé ẹjọ́, ẹ̀bi rẹ̀ sì wà lọ́rùn mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Èmi ni mo ń ṣọ́ ilé ìkàwé ìlú nígbà náà. Ìyàwó mi, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, "Ìyá Ìbéèrè" ni wọ́n ń pè é, nítorí bí o bá kí i pé ẹ káàárọ̀, ó lè bi ọ́ pé láti ìgbà wo ni ilẹ̀ ti mọ́. Ìwé tí mo ń sọ yìí, gbogbo ìmọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń fi àṣírí kọ̀wé àti bí wọ́n ṣe ń tú u ló wà nínú rẹ̀, ẹgbẹ̀rin ojú ìwé, ó wúwo bí ọmọ ọdún kan tó ti yó. Ó wà lára àwọn ìwé tí kì í jáde. Ẹni tó bá fẹ́ kà á, kó jókòó síwájú mi kà á.

Bàbá Aago máa ń wá kà á ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Òun ló ń tún aago ṣe ní ìdojúkọ ilé ìfìwéránṣẹ́, bàbá arúgbó tí ìka rẹ̀ gùn, tó máa ń gbé etí sún mọ́ aago bí ẹni tó ń gbọ́ òfófó. Ó máa ń nu ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó ṣí ìwé náà. Mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n dé gbọ̀ngàn ìlú, wọn ò bá aago wúrà tó máa ń wà nínú àpótí onígíláàsì níbẹ̀ mọ́. Gíláàsì ò fọ́. Ẹni tó jí i lo kọ́kọ́rọ́. Alámòójútó gbọ̀ngàn ké gbàjarè, ó ní yàtọ̀ sí òun, Bàbá Aago nìkan ni kọ́kọ́rọ́ yẹn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Wọ́n tú ṣọ́ọ̀bù bàbá náà. Wọn ò rí aago wúrà, ṣùgbọ́n nínú àpótí aago àtijọ́ kan tó dúró sí igun, wọ́n rí bébà mẹ́rìnlá, nọ́ńbà ló kún ojú gbogbo wọn.

Ni ọ̀gá àwọn ọlọ́pàá, tá à ń pè ní Kíákíá, bá wá sọ́dọ̀ mi. "Ta ló máa ń ka nǹkan nípa ìwé àṣírí níbí?"

Mo kàn la ẹnu ni. Bó ṣe bi mí báyìí ni mo dárúkọ Bàbá Aago.

*

Ní Ọjọ́rú, wọ́n ní kí n wá buwọ́ lu ọ̀rọ̀ tí mo sọ. Mo jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ àgọ́, ilẹ̀kùn ò tì. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Bàbá, kí ni nọ́ńbà yìí?" Ohùn Kíákíá ni.

"Nọ́ńbà ni."

"Mo mọ̀ pé nọ́ńbà ni! Kí ló túmọ̀ sí?"

"Ọ̀rọ̀ ara mi ni. Kò kan aago yín."

"Ta lẹ̀ ń kọ ọ́ sí?"

Àga bàbá nìkan ló dún.

"Nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún tó ṣáájú lójú bébà kọ̀ọ̀kan, bákan náà ni gbogbo wọn rí. Orúkọ ẹgbẹ́ yín nìyẹn, àbí? Ìbúra yín?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ẹgbẹ́ kẹ̀? Ọ̀gá, gbogbo ẹgbẹ́ mi ti kú tán."

Ìyàwó mi ló wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ tutù. "Bàbá, ẹ̀rù ò bà yín? Àgbàlagbà bíi tiyín, ẹ̀wọ̀n kì í ṣe ibi ìsinmi."

"Ìyàwó," bàbá dá a lóhùn, nítorí ìyàwó ló máa ń pè é nítorí tèmi, "lójú ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí ni mo fi jẹ́ àgbàlagbà. Ibòmíràn wà tó jẹ́ pé àbúrò lásán ni mí. Mo ti ṣèlérí níbẹ̀. N kò ní sọ."

"Ẹ tì í mọ́lé," ni Kíákíá wí. "Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá. Bó bá dé iwájú adájọ́, á kọrin."

Nígbà tí wọ́n mú bàbá jáde, ó rí mi. Ó kí mi. "Ọmọ mi, ṣé wọ́n bá mi nu eruku orí ìwé yẹn?" N kò mọ ibi tí mo máa fojú sí.

Ìyàwó mi bá mi lórí ìjókòó. Ó ti da nọ́ńbà náà kọ sínú ìwé pélébé kan. "Bàbá Ìbejì, mo fẹ́ kọ́ ohun tí bàbá yẹn kọ́. Mo fẹ́ ìwé yẹn."

"Wá kà á níbi iṣẹ́ mi."

"Aago mẹ́rin lẹ̀ ń tilẹ̀kùn. Ọjọ́ Ẹtì ni ẹjọ́."

"Ìyá Ìbejì, ìwé yẹn kì í jáde!"

Ó kàn wo ilẹ̀kùn tí wọ́n mú bàbá gbà.

Lọ́jọ́ náà, aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún, oòrùn ń ràn yòò, èmi sì wọ ẹ̀wù òjò. Mo gbé ìwé náà sábẹ́ rẹ̀, mo ń rìn lójú pópó bí aboyún tó ti wọ oṣù rẹ̀. Ẹni mẹ́ta ló bi mí bóyá inú ń run mí.

*

Ìyàwó mi ò kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò jù bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń fọ̀rọ̀ wá ènìyàn lẹ́nu wò náà ló ṣe ń fọ̀rọ̀ wá ìwé náà lẹ́nu wò. Bí kò bá yé e, á lù ú lórí pẹ́: "Tún un sọ!"

Ọ̀nà àkọ́kọ́ tí ìwé náà kọ́ ọ ni pé kó ka iye ìgbà tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan fara hàn, nítorí nínú ọ̀rọ̀ ènìyàn, àwọn ábídí kan máa ń pọ̀ ju àwọn mìíràn lọ. Ó kà á títí. Gbogbo nọ́ńbà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ọ̀rọ̀ ènìyàn kì í rí bẹ́ẹ̀.

"Ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í," ló wí. "Ìwé yìí sọ ọ́. Ẹ mú ábídí, ẹ fún un ní nọ́ńbà: a ni ení, b ni èjì, títí dé y tó jẹ́ ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ẹ wá mú nọ́ńbà àṣírí díẹ̀ tí ẹ̀yin àtẹni tẹ́ ẹ̀ ń kọ̀wé sí nìkan mọ̀, ẹ máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kún un. Bí wọ́n bá tán, ẹ tún wọn bẹ̀rẹ̀. Bí iye náà bá kọjá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹ padà sí ení, bí ọwọ́ aago ṣe máa ń ṣe."

"Bí a ò bá wá mọ kọ́kọ́rọ́ yẹn ńkọ́?"

"A ó jókòó síta nìyẹn."

Ibẹ̀ la wà tí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ fi mọ́, tí mo fi ń yẹ ìwé náà wò bóyá tíì ti ta sí i lára, tí mo fi rí ìkọ̀wé lẹ́ẹ̀dì yẹn.

Ìyàwó mi ka ojú ìwé náà sókè. Ìkìlọ̀ ni. Ó ní ẹni tó bá ń fi àṣírí kọ̀wé kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ kan náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà rẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí bí ọ̀tá bá lè mọ ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, yóò yọ ọ́ kúrò nínú nọ́ńbà tó wà lójú bébà, ohun tó bá sì ṣẹ́ kù ni kọ́kọ́rọ́.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkìlọ̀ náà, lẹ́ẹ̀dì tín-ín-rín, ọwọ́ tó mọ́ bí ọwọ́ ẹni tó ń to irin kéékèèké: *Èyí ò ṣeé ṣe.*

"Ó ka ìkìlọ̀," ni ìyàwó mi wí, ó ń fi ìka lu tábìlì. "Ó yé e. Ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni olè lè gbà wọlé. Síbẹ̀ ó ní kò ṣeé ṣe. Bàbá Ìbejì, kí ni ènìyàn máa ń sọ nínú lẹ́tà tí kò ṣeé fò?"

"Orúkọ ara rẹ̀?"

"Ìparí nìyẹn máa ń wà. Bí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé sí bàbá yín lónìí, kí lẹ máa kọ́kọ́ kọ?"

"Mo máa kí wọn ni. Àbí kí n kàn já lu ọ̀rọ̀ bí ẹran?"

Ó wò mí. Ó rọra gbé ife tíì mi, ó mu ún tán.

"Ọ̀rẹ́ mi" ló kọ́kọ́ dán wò. Ó yọ ọ́ kúrò nínú àwọn nọ́ńbà àkọ́kọ́: mẹ́sàn-án, méjì, mẹ́ta, mẹ́tàdínlógún, méjìlá. Ohun tó ṣẹ́ kù rí wúruwùru. Ó dán "Ọ̀gá mi" wò, nítorí Kíákíá. Wúruwùru ni.

"'Ibòmíràn wà tó jẹ́ pé àbúrò lásán ni mí,'" ló ń sọ lábẹ́nu. "Àbúrò. Àbúrò máa ń kọ̀wé sí..."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀: *Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.* Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ń kọ èsì bó ṣe ń pè é. Mẹ́rin. Mọ́kàndínlógún. Mọ́kànlá. Méjì. Mẹ́tàlélógún.

"Ó tún di wúruwùru," ni mo wí.

"Ẹ máa kọ."

Mẹ́rin. Mọ́kàndínlógún. Mọ́kànlá.

Ọwọ́ mi dúró. Nọ́ńbà márùn-ún kan náà ló ń yí po bí ẹ̀rọ inú aago. Ìyàwó mi dìde, ó jó yí tábìlì ká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó tún jókòó.

"Ó kí wọn," ló wí. "Ní gbogbo ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

*

Kò sí olè nínú àwọn lẹ́tà náà. Ó sọ nípa orúnkún tó ń dùn ún, nípa ológbò alágbàfọ̀ tó bímọ sínú àpótí irin iṣẹ́ rẹ̀, nípa ọkùnrin tó gbé aago wá pé ó ti kú, tó sì jẹ́ pé kò yí i ni. Ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ìkẹtàlá, tí bàbá kọ ní oṣù méjì sẹ́yìn, ẹ̀rín náà dá. Mo ṣì mọ̀ ọ́n lórí:

*Alámòójútó gbé aago wúrà wá fún ìtọ́jú lónìí. Ó ní kí n má ṣí i, kí n kàn nù ún, òun ń kánjú. Ẹ̀gbọ́n mi, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀ létí mi. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti mọ ohùn aago yẹn bí mo ṣe mọ ohùn yín. Etí mi ti ń di. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ló máa gbé aago fún adití tún ṣe?*

"Ìdí rèé tí bàbá ò fi lè ran ara rẹ̀ lọ́wọ́," ni mo wí. "Ojú ń tì í."

"Ẹ dúró ná, Bàbá Ìbejì. Bí etí rẹ̀ bá ń di, gbogbo aago ló yẹ kó yàtọ̀ létí rẹ̀. Nínú lẹ́tà ìkẹrìnlá, tó kọ lẹ́yìn yìí, ó ní òun gbọ́ bí ẹ̀rọ aago ọwọ́ kékeré kan ṣe ń họ ara, aago tí kò tó èékánná. Ǹjẹ́ adití ń gbọ́ ìyẹn?"

"Kò lè gbọ́ ọ."

"Etí ò yàtọ̀. Aago ló yàtọ̀." Ó pa ìwé náà dé. "Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ láti oṣù méjì. Kí ló dé tí wọ́n wá ń jí ayédèrú lọ́sẹ̀ yìí? Ta ló yẹ kó wá síbẹ̀ ní Ọjọ́rú àná?"

Mo mọ èyí. Ara ògiri ilé ìkàwé ni wọ́n lẹ ìkéde rẹ̀ mọ́. "Àwọn tó fẹ́ wá díye lé dúkìá ìlú. Wọ́n máa ń dán wúrà wò."

"Ta ló ń gbé aago lọ gbé aago bọ̀?"

Kò dúró kí n dáhùn. Ó ti ń wá bàtà.

*

Mo bá a lọ nítorí pé mo fẹ́ dá ìwé mi padà kí ọ̀gá mi tó dé, gbọ̀ngàn ìlú sì wà lójú ọ̀nà. Ìyàwó mi gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó fi aṣọ dúdú wé e mọ́ra dáadáa. Ó ní n kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ó rọrùn fún mi. Ẹ̀rù ti mú ahọ́n mi.

Alámòójútó wà ní ọ́fíìsì rẹ̀, ọkùnrin rọ̀bọ̀tọ̀ tó máa ń rẹ́rìn-ín ṣáájú ọ̀rọ̀. Ìyàwó mi gbé ẹrù náà lé orí tábìlì rẹ̀, ó dún gbì.

"Ọ̀gá, ẹ kú oríire. A ti rí aago yín."

Ẹ̀rín ọkùnrin náà dúró lójú kan. "Ẹ rí kí ni?"

"Aago wúrà. Nínú àjà Bàbá Aago. Àwọn tó ń dán wúrà wò ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí láti jẹ́rìí sí i."

"Kò lè jẹ́ òun."

"Ẹ ò tíì tú u wò, ọ̀gá."

"Mo ní kò lè jẹ́ òun! Bàbá yẹn ò lè..." Ó pa ẹnu dé. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ti sọ fún mi láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ pé ẹnu ni ènìyàn ń ṣọ́, ojú ni kì í rántí ṣọ́. Ojú alámòójútó ti sáré lọ sí àpótí gígùn lábẹ́ fèrèsé, níbi tí wọ́n ń kó kọ́tìnì àtijọ́ sí.

"Bàbá Ìbejì," ni ìyàwó mi wí pẹ̀lẹ́, "ẹ bá mi ṣí àpótí yẹn."

Abẹ́ kọ́tìnì kẹta ló wà, ó ń tàn yanran, kò sì ní wúrà kankan lára. Alámòójútó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀, ó ti sọ ilé àna rẹ̀ tí aago gidi wà.

Kíákíá béèrè lọ́wọ́ ìyàwó mi ní ìrọ̀lẹ́ pé, "Màdáàmù, àwọn bébà yẹn ńkọ́? Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ìkíni ni, ọ̀gá. Ìkíni pọ̀ níbẹ̀."

Ó kó gbogbo wọn sínú báàgì rẹ̀. Alámòójútó ti jẹ́wọ́, ilé ẹjọ́ ò nílò wọn mọ́.

*

Ìyàwó mi fúnra rẹ̀ ló ṣí yàrá àtìmọ́lé. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì yẹn, mo bẹ bàbá.

"Dìde, ọmọ mi, ẹ̀wù rẹ á dọ̀tí. Wọ́n bi ọ́ léèrè, o dáhùn. Ẹni tí kò mọ irọ́ pa, kí ló máa ṣe?"

Ìyàwó mi kó bébà náà fún un. Nígbà tó rí i pé wọ́n ti tú wọn, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó sọ fún wa nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà ní ìlú mìíràn. Ìjà ilé bàbá wọn ti mú kí ọkọ ẹ̀gbọ́n yìí búra pé lẹ́tà kankan láti ọwọ́ Bàbá Aago ò gbọdọ̀ wọ ilé òun, ó sì ń tú gbogbo lẹ́tà wò. Ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ẹ̀gbọ́n náà ti jẹ́ olùkọ́ ìṣirò rí, ọkọ rẹ̀ sì gbà pé ìṣirò àwọn ọmọ iléèwé ló ń wá nínú àpò ìwé. Nọ́ńbà márùn-ún yẹn, ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ márùn-ún tí ìyá wọn bí ni. Àwọn méjì ló kù. Ìwọ̀nyí, àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ni, ó ń tọ́jú wọn kó má baà sọ ìròyìn kan lẹ́ẹ̀mejì fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu wa," ni ìyàwó mi wí. "Ṣùgbọ́n ohun méjì kan wà, bàbá. Èkíní, etí yín ò di. Ayédèrú ni aago yẹn. Ẹ̀yin nìkan lẹ gbọ́ ọ nínú gbogbo ìlú."

Bàbá bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sí etí ọ̀tún, ó gbé e sí etí òsì, ó dì í mú síbẹ̀. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. A yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún un.

"Èkejì," ni ìyàwó mi wí nígbà tó yá, "ẹ ka ojú ìwé igba ó lé méjìlá. Ẹ mọ̀ pé ìkíni yẹn ló máa tú yín fó. Kí ló dé tẹ́ ò fò ó?"

Bàbá wò ó bí ẹni tí ọmọ kékeré bi pé kí ló dé tí omi fi tutù.

"Ìyàwó, ẹni tó kọ ìwé yẹn gbọ́n. Ṣùgbọ́n kò mọ ẹ̀gbọ́n mi. Kí n kọ lẹ́tà sí wọn, kí n má kí wọn?"

*

N kò pa ìkọ̀wé lẹ́ẹ̀dì yẹn rẹ́. Ó wà níbẹ̀ títí mo fi fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ìyàwó mi náà fi bébà kan síbẹ̀ fún mi, ní ọ̀sẹ̀ kejì, láàárín ojú ìwé kan náà. Nọ́ńbà ni. Kò fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Ó ní bí mo bá lè jí ìwé ìjọba gbé sábẹ́ ẹ̀wù òjò, mo lè tú ìlà mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó tì í, kí n tó rántí irú ẹni tí mo fẹ́. Mo yọ ìkíni kúrò. Ọjọ́ ìgbéyàwó wa ló ṣẹ́ kù, ọjọ́, oṣù, àti ọdún.

*Olówó orí mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ilé,* ni lẹ́tà náà wí. *Ìwé ti padà sí àyè rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ẹ ò mọ olè jà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ yín.*

Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò ní ìlú yẹn. Ìyàwó mi sì ti lọ síbi tí ìwé kì í dé. Bébà náà wà nínú àpótí mi níbí, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ojú tèmi ti ṣú. Ìlà méjì tó kẹ́yìn, mo ṣì ní láti fi ìka kà á kí n tó rí i. Ṣùgbọ́n ti ìlà àkọ́kọ́, n kò nílò kọ́kọ́rọ́. Mo kàn máa ń dáhùn ni.